Ìdájọ́ Àjọyàn: Bí Òfin Rẹ̀ Ṣe Dàgbà ní Ilẹ̀ Nàìjíríà

Àwọn baba wa ní a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a tún ṣe ọ̀rẹ́. Òwe yìí kò bu kóòtù kù. Ohun tí ó ń wí ni pé bí ẹni méjì bá pe ara wọn lẹ́jọ́, tí a dá ọ̀kan láre, tí a dá èkejì lẹ́bi, àjọṣe tí ó wà láàrin wọn tẹ́lẹ̀ kì í sábà padà bọ̀ sípò. Èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn, láti ayébáyé títí di òní, máa wá ọ̀nà mìíràn tí a fi lè parí ìjà. Oníṣòwò méjì, tàbí agbaṣẹ́ṣe àti ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún un, lè fi ẹnu kò pé bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀, àwọn kò ní í gba kóòtù lọ. Wọn yóò yan ẹnìkan tàbí ẹni mẹ́ta tí wọ́n fọkàn tán, kí ó gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, kí ó sì dá ẹjọ́ náà. Ohun tí àwọn amòfin ń pè ní arbitration nìyí. Ìtàn bí òfin rẹ̀ ṣe dàgbà ní ilẹ̀ Nàìjíríà ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú ètò yìí.

Ìtàn náà gùn, ó sì ní ọ̀pọ̀ orúkọ àti ọdún nínú. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, a ó rí i pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́: bí mo bá ti fi ẹnu ara mi sọ pé kí lágbájá dá ẹjọ́ wa, ǹjẹ́ mo lè yí ohùn padà nígbà tí mo bá rí i pé ẹ̀bi fẹ́ ṣẹ́ lé mi lórí? Ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè yìí sí iwájú wa bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ.

Ìyàtọ̀ láàrin ìlàjà, ìdájọ́ àti ìdájọ́ àjọyàn

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ sí ara wọn. Ìkíní ni ìlàjà. Ẹni tí ó ń la ìjà a máa bọ́ sí àárín àwọn oníjà, a sì máa fi ẹ̀bẹ̀ àti ọgbọ́n tù wọ́n nínú títí wọn yóò fi gba ọ̀rọ̀. Onílàjà kò ní àṣẹ lórí wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọ̀ jálẹ̀, kò sí ohun tí onílàjà lè ṣe ju kí ó dìde, kí ó sì máa lọ sí ilé rẹ̀.

Ìkejì ni ìdájọ́ tí a ń dá ní kóòtù. Adájọ́ ìjọba kì í béèrè bóyá ẹlẹ́jọ́ fẹ́ràn òun kí ó tó jókòó. Ìjọba ni ó yàn án, ìjọba ni ó fún un ní àṣẹ, ọlọ́pàá àti akódà ni ó sì ń mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ.

Ìkẹta ni èyí tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó mú ìfẹ́-inú ẹni láti ara ìlàjà, nítorí pé kò sí ẹni tí a lè fi ipá mú wọ inú rẹ̀. Ó mú àṣẹ láti ara ìdájọ́, nítorí pé ohun tí ó bá ti ibẹ̀ jáde yóò de tọ̀tún tòsì. A ó máa pè é ní ìdájọ́ àjọyàn nínú ètò yìí, nítorí pé àwọn tí ó ń jà gan-an ni ó jọ yan adájọ́. Bí a ti ń sọ pé àjọṣe, àjọjẹ àti àjọgbé, bẹ́ẹ̀ náà ni a lè sọ pé àjọyàn.

Ìyapa yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà lásán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń túmọ̀ arbitration sí ìlàjà, wọ́n sì ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí a bá sọ fún pé ìlàjà ni ó wà nínú ìwé tí ó fẹ́ buwọ́ lù yóò rò pé òun lè dìde kúrò níbẹ̀ nígbà tí ó bá wù òun. Ọjọ́ tí ìdájọ́ bá jáde ni yóò tó mọ̀ pé ilẹ̀kùn kóòtù tí òun gbójú lé ti tì mọ́ òun.

Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé

Kí òfin Gẹ̀ẹ́sì tó dé ilẹ̀ wa, a ti ní ètò tiwa. Ní ilẹ̀ Yorùbá, baálé ni ó ń kọ́kọ́ gbọ́ aáwọ̀ inú agbo-ilé. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára rẹ̀ lọ, a ó gbé e dé ọ̀dọ̀ olórí àdúgbò, láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjòyè, títí yóò fi dé ààfin ọba. Ọ̀ràn ńlá bí ìpànìyàn kì í ṣe ohun tí a ń parí ní ẹ̀yìnkùlé. Ti ọba àti ìlú ni. Àwọn àgbà tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ mọ̀ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, nítorí náà wọn a jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan rojọ́ tirẹ̀ tán, wọn a sì pe ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ó bá jẹ̀bi lè san obì àti ọtí, kí gbogbo wọn sì jọ jẹ ẹ́, kí wọ́n jọ mu ún, kí ó lè hàn pé ìjà ti parí.

Ètò bẹ́ẹ̀ kò mọ ní ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Àwọn Igbo náà ní àgbà umunna tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ àti ti ogún. Níbi gbogbo, ohun tí ó ń mú kí ìdájọ́ àwọn àgbà múlẹ̀ ni ìtìjú, ìbẹ̀rù ìbúra, àti pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí ẹbí òun kẹ̀yìn sí òun. Níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn kò bá ní ibòmíràn tí yóò sá lọ, agbára wọ̀nyí tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí kóòtù ìjọba dé, ẹni tí baálé dá lẹ́bi ní òwúrọ̀ lè gba ọ̀dọ̀ akọ̀wé kóòtù lọ ní ọ̀sán. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè wa ti di ìbéèrè òfin.

Òfin ọdún 1914

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, òfin wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 1863. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé àwọn fúnra wọn ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1609, nínú ẹjọ́ kan tí a mọ̀ sí ẹjọ́ Vynior, àwọn adájọ́ wọn sọ pé ẹni tí ó bá fi ẹjọ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ lè gba àṣẹ náà padà nígbàkígbà kí ìdájọ́ tó jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò san ìtanràn tí wọ́n ti kọ sínú àdéhùn. Èyí já sí pé ẹni tí ó ní owó ìtanràn lọ́wọ́ lè yẹ àdéhùn bí ó bá ti rí i pé ẹjọ́ kò ṣe ẹnuure fún òun. Wọ́n ṣe òfin kan ní ọdún 1698 láti fi agbára kóòtù ti irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí ó di ọdún 1889, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú òfin tuntun, wọ́n sì sọ níbẹ̀ pé àdéhùn tí a bá kọ sílẹ̀ kò ṣe é fà sẹ́yìn mọ́, àfi bí kóòtù bá yọ̀ǹda.

Òfin 1889 yìí ni wọ́n dà kọ fún wa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1914 ni wọ́n so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún kan náà ni òfin ìdájọ́ àjọyàn àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ wa. Lẹ́yìn tí a pín agbára ìṣèjọba láàrin àwọn ẹkùn ilẹ̀ ní ọdún 1954, òfin náà ni wọ́n tún dà kọ sínú ìwé òfin wọn, àwọn ìpínlẹ̀ sì jogún rẹ̀.

Òfin 1914 ṣe ohun rere kan: ó mú kí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ó buwọ́ lùwé ní ìwúwo. Ṣùgbọ́n àléébù rẹ̀ kò kéré. Àyè tí ó fún kóòtù láti dá sí iṣẹ́ adájọ́ àjọyàn pọ̀ jù. Kò ní ètò fún ìdájọ́ tí a bá dá ní ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó fún wa ní òfin náà tún tiwọn ṣe ní ọdún 1934 àti 1950, ṣùgbọ́n àwa kò kúrò lójú kan. Ọdún 74 ni a fi lo ohun tí a dà kọ ní 1914.

Ìgbà epo àti sìmẹ́ńtì

Ohun tí ó fi àléébù wọ̀nyí hàn ni ìṣòwò pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè. Ní ọdún 1970, Nàìjíríà wọ inú àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ti ṣe ní New York ní ọdún 1958. Ohun tí àdéhùn náà wí ni pé ìdájọ́ àjọyàn tí a bá dá ní orílẹ̀-èdè kan yóò ní agbára ní àwọn orílẹ̀-èdè yòókù tí ó wà nínú rẹ̀.

Kò pẹ́ tí a fi rí bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó. Ní ọdún 1975, nígbà tí owó epo ń ya wọlé, ìjọba ológun ti fún ọ̀pọ̀ oníṣòwò ilẹ̀ òkèèrè ní iṣẹ́ láti kó nǹkan bí mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì wá. Ìdá kékeré nínú rẹ̀ nìkan ni èbúté Èkó lè gbà. Ọkọ̀ ojú omi tò sí ẹnu òkun bí ẹni tò sí ìdí kànga, ìjọba sì fẹ́ já àwọn àdéhùn náà. Ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Ipitrade gbé ẹjọ́ tirẹ̀ lọ sí iwájú adájọ́ àjọyàn gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wọn ti wí, ó sì jàre. Ó wá gbé ìdájọ́ náà lọ sí kóòtù ní Washington kí wọ́n lè bá a gba owó rẹ̀. Ní ọdún 1978, kóòtù náà sọ pé òótọ́ ni pé a kì í pe ìjọba orílẹ̀-èdè mìíràn lẹ́jọ́ bí ẹni pe aládùúgbò, ṣùgbọ́n ìjọba tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé kí adájọ́ àjọyàn dá ẹjọ́ òun ti bọ́ aṣọ ààbò náà sílẹ̀. Ẹyin ni ohùn: bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Òwe yìí bá ìjọba wí bí ó ti bá tálákà wí.

Òfin ọdún 1988

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 1988, ìjọba ológun Ibrahim Babangida gbé Dìkírì 11 jáde. Òfin àwòṣe tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tẹ̀ jáde ní ọdún 1985 ni wọ́n tẹ̀lé, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí ó lò ó. Àdéhùn New York tí a wọ̀ ní 1970 náà wọ inú rẹ̀. Nígbà tí a kó àwọn òfin Àpapọ̀ jọ ní ọdún 1990, tí a tún kó wọn jọ ní 2004, dìkírì yìí wà lára wọn gẹ́gẹ́ bí òfin.

Ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Èkíní, àdéhùn náà gbọ́dọ̀ wà ní àkọsílẹ̀. Èkejì, bí àwọn tí ó ṣe àdéhùn kò bá sọ iye adájọ́ tí wọ́n fẹ́, mẹ́ta ni yóò jẹ́: ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò yan ọ̀kan, àwọn méjèèjì tí a yàn yóò sì yan ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹta, kóòtù kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ náà àfi níbi tí òfin fúnra rẹ̀ bá ti fi àyè sílẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ẹni tí a dá lẹ́bi kò lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn bí ẹni ti kóòtù bọ̀. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí ó bẹ kóòtù láàrin oṣù mẹ́ta pé kí ó fagi lé ìdájọ́ náà fún àwọn ìdí díẹ̀ tí òfin kà sílẹ̀, bíi pé adájọ́ hùwà àìtọ́ tàbí pé ó dá ohun tí a kò fi lé e lọ́wọ́.

Bí ilé-ẹjọ́ wa ṣe fi ẹsẹ̀ ìlànà yìí múlẹ̀ hàn nínú ẹjọ́ ọkọ̀ ojú omi MV Lupex. Àwọn tí ó háyà ọkọ̀ náà ti gbà nínú ìwé pé Lọ́ńdọ̀nù ni a ó ti dá aáwọ̀ wọn. Wọ́n tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó padà wá pe ẹjọ́ mìíràn ní kóòtù Nàìjíríà lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ní ọdún 2003, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ẹjọ́ ti ilé dúró, ó ní kí wọ́n lọ parí èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn yàn.

Ti àwọn àgbà wa ńkọ́?

Olùkọ́ tí ó bá fetí sílẹ̀ dáadáa yóò bi wá ní ìbéèrè kan níbi yìí. Bí òfin 1988 bá ní àdéhùn gbọ́dọ̀ wà ní àkọsílẹ̀, kí ni ti ìdájọ́ tí baálé dá lábẹ́ igi odán, níbi tí kò sí ẹni tí ó mú bírò dání? Ìdáhùn ni pé òfin àbáláyé ni ìyẹn dúró lé, kì í ṣe Dìkírì 11. Ṣùgbọ́n kí ó tó dúró, ó fẹ́ẹ̀ ṣubú.

Ní ọdún 1932, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, nínú ẹjọ́ Assampong àti Amuaku tí ó wá láti Gold Coast, tí à ń pè ní Ghana lónìí, ti sọ pé bí ẹni méjì bá fi ìfẹ́-inú gbé ọ̀rọ̀ lọ sí iwájú àwọn àgbà, tí wọ́n sì dá a gẹ́gẹ́ bí àṣà ìlú, ìdájọ́ náà de àwọn méjèèjì. Àwọn kóòtù wa tẹ̀lé e fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ó di ọdún 1988, nínú ẹjọ́ Okpuruwu àti Okpokam, àwọn tí ó pọ̀ jù nínú àwọn adájọ́ Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé kò sí ohun tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú òfin Nàìjíríà. Èrò wọn ni pé òfin-ìpìlẹ̀ 1979 ti fi agbára ìdájọ́ lé kóòtù lọ́wọ́, kò sì sí àgbà abúlé kan tí ó lè jókòó bí adájọ́. Adájọ́ Oguntade kò gbà pẹ̀lú wọn. Ó rí i pé ọ̀nà tí àwọn ènìyàn wa ti ń parí ìjà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò yẹ ní ohun tí a ń pa rẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ronú ohun tí ó rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ààlà oko àti ogún ìdílé ni ó jẹ́ pé ìdájọ́ àwọn àgbà nìkan ni ẹ̀rí wọn. Bí ìdájọ́ Okpuruwu bá dúró, gbogbo ìjà tí àwọn baba ńlá ti parí ni àwọn ọmọ ọmọ wọn lè tún hú jáde.

Ní ọdún 1991, nínú ẹjọ́ Agu àti Ikewibe, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ yanjú rẹ̀. Adájọ́ Karibi-Whyte ṣàlàyé pé òfin àbáláyé wà lára òfin tí òfin-ìpìlẹ̀ bá nílẹ̀ tí kò sì pa rẹ́, nítorí náà ìdájọ́ àwọn àgbà ní àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ hàn pé àwọn méjèèjì fi ìfẹ́-inú gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, pé wọ́n gbà pé ìdájọ́ yóò de àwọn, pé a dá a gẹ́gẹ́ bí àṣà, àti pé wọ́n tẹ́wọ́ gba ìdájọ́ náà nígbà tí a dá a.

Èyí tí a kà gbẹ̀yìn yìí ni àwọn onímọ̀ òfin ti ń jiyàn lé lórí. Bí ìdájọ́ kò bá múlẹ̀ àfi bí ẹni tí ó jẹ̀bi bá gbà á, a ti dá ọ̀rọ̀ padà sí ìlàjà nìyẹn. Ta ni yóò fi tayọ̀tayọ̀ gba ẹ̀bi? Lójú tèmi, ẹni tí ó ti gbà kí a tó bẹ̀rẹ̀ pé ohun tí àwọn àgbà bá sọ ni abẹ gé ti gbà ná. A kò ní láti tún bi í léèrè lẹ́yìn tí ó ti gbọ́ ìdájọ́.

Ẹni tí ó jàre tí kò rí nǹkan gbà

Bí a bá ti dí ojú ọ̀nà tí ẹni tí ó jẹ̀bi lè gbà sá lọ, ṣé ẹni tí ó jàre yóò rí owó rẹ̀ gbà ni? Kò fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ City Engineering bá àjọ tí ó ń kọ́ ilé fún ìjọba Àpapọ̀, Federal Housing Authority, ṣe àdéhùn. Aáwọ̀ dé, wọ́n gbé e lọ sí iwájú adájọ́ àjọyàn, ìdájọ́ sì jáde ní ọdún 1985. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà wá bẹ kóòtù pé kí ó fi agbára ti ìdájọ́ náà, wọ́n sọ fún un pé àkókò ti kọjá. Òfin gbèdéke fún un ní ọdún 6. Ilé-iṣẹ́ náà rò pé ọjọ́ tí ìdájọ́ jáde ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ní ọdún 1997, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́: ọjọ́ tí ìjà náà fúnra rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ni a ó ti kà á.

Ohun tí èyí já sí ni pé gbogbo ọdún tí ènìyàn fi jókòó níwájú adájọ́ àjọyàn ń jẹ nínú ọdún 6 rẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun jẹ̀bi lè máa fi ẹsẹ̀ falẹ̀, kí ó máa béèrè fún ìsúnsíwájú, títí àkókò yóò fi tán. Kò yẹ àdéhùn lójú gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ó ti rí ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà jáde.

Òfin ọdún 2023

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn amòfin fi ń ké pé kí a tún òfin náà ṣe. Ìpínlẹ̀ Èkó kò dúró de Àpapọ̀. Ó dá ilé-ẹjọ́ onílẹ̀kùn púpọ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2002, níbi tí ẹlẹ́jọ́ ti lè yàn láàrin ìlàjà àti ìdájọ́ àjọyàn, ó sì ṣe òfin ìdájọ́ àjọyàn tirẹ̀ ní ọdún 2009. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ó fi ipò sílẹ̀, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tuntun fún gbogbo Nàìjíríà. Òfin 1988 sì kógbá wọlé.

Òfin 2023 sọ pé bí a bá ń ka ọdún gbèdéke, a kò gbọdọ̀ ka àkókò tí ó wà láàrin ìgbà tí ìdájọ́ àjọyàn bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ìdájọ́ jáde. Ọ̀nà ẹ̀bùrú tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ti di. Bí àdéhùn kò bá sọ iye adájọ́, ọ̀kan ni yóò jẹ́, kì í ṣe mẹ́ta mọ́. Èyí dín owó kù fún àwọn oníṣòwò kéékèèké. Ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà náà di àkọsílẹ̀. A lè yan adájọ́ pàjáwìrì tí yóò dáàbò bo ohun-ìní kí ìgbẹ́jọ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn tí kò sí nínú ìjà lè san owó ẹjọ́ fún ẹni tí kò ní, ohun tí òfin àtijọ́ kà sí ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn tí ó bá sì fẹ́ lè kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kí ìgbìmọ̀ adájọ́ àjọyàn kejì yẹ ìdájọ́ ti àkọ́kọ́ wò.

Òfin náà tún fún ìlàjà ní ipò tirẹ̀. A kò lè fi ipá mú ènìyàn gbà níbi ìlàjà, ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá ti gbà, tí wọ́n sì buwọ́ lu ìwé ìparí ìjà, ìwé náà yóò de wọ́n. Ìyàtọ̀ tí a ṣe láàrin ọ̀rọ̀ méjì yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ètò wa ti wà nínú òfin gan-an báyìí.

Ẹ̀kọ́ Calabar

Kí a má bàa rò pé ohun tí òfin ń wá ni pé kí a má lè jáde rárá, ẹ jẹ́ kí a gbé ẹjọ́ kan yẹ̀wò tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ti Nàìjíríà jẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2010, iléeṣẹ́ ìjọba tí ó ń mójú tó epo rọ̀bì bá ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè kan tí ń jẹ́ P&ID ṣe àdéhùn láti máa ṣe gáàsì ní Calabar fún ogún ọdún. A kò kọ́ ibi iṣẹ́ náà rárá. Ní ọdún 2017, àwọn adájọ́ àjọyàn tí ó jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù dá a pé kí Nàìjíríà san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là. Èlé gorí rẹ̀ títí ó fi ju bílíọ̀nù 11 lọ.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2023, Adájọ́ Robin Knowles ti kóòtù gíga Lọ́ńdọ̀nù gbé ìdájọ́ tirẹ̀ kalẹ̀. Ó rí i pé P&ID ti fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀, pé ó ti mú ẹ̀rí èké wá, àti pé ìwé àṣírí tí àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà kọ sí ìjọba ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì ń lò ó. Nítorí náà, ọ̀nà jìbìtì ni a fi gba ìdájọ́ náà, kò sì lè dúró. Adájọ́ náà tún rọ àwọn tí ó wà nídìí iṣẹ́ yìí pé kí wọ́n ronú jinlẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ ní ìkọ̀kọ̀ nígbà tí ó bá jẹ́ pé owó gbogbo ìlú ni ó wà nínú ewu.

Kíyèsí i pé kì í ṣe nítorí pé Nàìjíríà kò fẹ́ràn ìdájọ́ ni kóòtù náà ṣe fagi lé e. Àdéhùn ń de ẹni tí ó bá a dé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbà láti fi ẹjọ́ rẹ̀ sí abẹ́ èké. Níbi tí èké bá ti wọlé, ìfẹ́-inú tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti jáde.

Àkótán

Bí a bá wo ìrìn-àjò yìí láti ẹ̀yìn wá, a ó rí i pé ìdáhùn sí ìbéèrè wa ti yí padà díẹ̀díẹ̀. Ní 1609, ẹni tí ó ní owó ìtanràn lè yí ohùn padà. Ní 1914, ó gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ kóòtù. Láti 1988, ọwọ́ kóòtù fúnra rẹ̀ di dídè. Ní 2023, wọ́n dí ihò tí àkókò ń gbà jáde. Ẹ̀tàn nìkan àti àwọn àìtọ́ díẹ̀ tí òfin kà sílẹ̀ ni ó kù tí ènìyàn lè dì mú.

Nítorí náà, ibi tí ó yẹ kí a ti ṣọ́ra jù ni ibi ìbuwọ́lùwé. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń bá àwọn ará ilé yín ka ìwé àdéhùn, ẹ wá gbólóhùn kékeré tí ó máa ń wà ní ìsàlẹ̀, tí ó sọ ibi tí a ó gbé aáwọ̀ lọ, ìlú tí a ó ti gbọ́ ọ, àti ẹni tí yóò yan adájọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má ṣe pè é ní ìlàjà. Ẹ sọ fún un pé adájọ́ ni a fẹ́ yàn, pé òun náà ni yóò wà lára àwọn tí yóò yàn án, àti pé ohun tí adájọ́ náà bá sọ ni abẹ gé. Bí ó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, tí ó sì gbà, a jẹ́ pé ó gbà ní tòótọ́.